Físà tí Akínwùmí Kò Jẹ́ Béèrè

Ìrẹsì ọpẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí Akínwùmí fẹ́ lọ ṣe ìdánwò láti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyàwó pásítọ̀ ìjọ wọn ní Grand Concourse ní kó má dúró dẹ ìgbà tó bá yege, kó tètè wá dúpẹ́ sílẹ̀, pé bí ìgbàgbọ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ni Akínwùmí bá gbé kóòtù wọ̀, ó jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn èèyàn ń fi àsíá Amẹ́ríkà kéékèèké fẹ́ ẹ, wọ́n sì jẹ ìrẹsì yó. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó fìdí rẹmi. Àwọn ìbéèrè tó ti mọ̀ lámọ̀dunjú pòórá lórí rẹ̀. Wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fìdí rẹmi. Kó tó padà dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn, orúkọ ti mọ́ ọn lórí. Sítísìn ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ní òun á ṣàlàyé fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ló di ọdún mẹ́fà.

Ta ni yóò tiẹ̀ mọ̀? Ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé. Òun nìkan ló ń gbé ilé ní Cambria Heights, ìsàlẹ̀ àpótí sì ni páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ aláwọ̀ ewé wà. Àfi bí Doyin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣe tíṣà ní Bangkok, ṣe pè é pé òun ti rí ọkọ, Titus ni orúkọ rẹ̀, àti pé Táílándì níbẹ̀ ni àwọn á ti ṣe ìgbéyàwó.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ máa fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

"Ta ni ì bá tún fà ọ́, bí kì í bá ṣe èmi?"

"Ẹ fi fọ́tò páásípọ́ọ̀tù yín ránṣẹ́, kí n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Orúkọ mi àti ọjọ́ ìbí mi ti tó ọ rà. Ìyókù, màá gbé e kalẹ̀ fún wọn ní pápákọ̀ òfurufú JFK."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àpèkẹ́, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Stapleton, wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó tún wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé ìwé rẹ̀ sínú báàgì ọ̀rá wá bá a.

"Akin, wọ́n ní àwa tá a mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà ká tó wọ Táílándì. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwé báńkì rèé, òtẹ́ẹ̀lì rèé, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ rèé. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Jẹ́ ká jókòó, kó o bá mi kọ ọ́."

Akínwùmí wo tábìlì rẹ̀. Bó bá jókòó sídìí tábìlì yẹn, tirẹ̀ náà ló yẹ kó kọ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ nípa ìyẹn o. Àwa ọmọ Amẹ́ríkà kì í gba físà lọ síbẹ̀."

"Ṣé tìẹ ni mo ní kó o gbà ni? Tèmi ni mo gbé wá."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí ni."

Àpèkẹ́ wò ó títí. Ó ká ìwé rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa, Sítísìn." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Akínwùmí dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó bó ṣe ń tiro lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Bárbara, ọmọ Puerto Rico tí òun àti Àpèkẹ́ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Stapleton, ló padà bá a kọ ọ́.

Nígbà tí Àpèkẹ́ lọ tán, Akínwùmí ṣí fóònù rẹ̀. Ó rí orúkọ Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí kò nílò físà, ó sì yára pa á dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ti lo ọdún méjìlélógún níbì kan, tó ní gríìnkáàdì, ìwé àṣẹ ìgbélùú, lápò, ibẹ̀ náà ni wọ́n á kà á mọ́. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò dá a lójú. Ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni yóò tú àṣírí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìgbéyàwó kò, òun àti Àpèkẹ́ pàdé ní JFK láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Olúsànmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti Susan ìyàwó rẹ̀ ń bá wọn lọ.

"Sítísìn!" ni Olúsànmí pariwo láti ọ̀ọ́kán. "Ẹ ṣíwájú wa o, onílẹ̀!"

"Ẹ máa lọ ná, mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ká má rí i! Ṣé bàbá ìyàwó ló ń kẹ́yìn?" Ó sì rọra tì í síwájú.

Aisha lorúkọ tó wà láyà ọmọbìnrin tó jókòó sí káńtà. Akínwùmí fi àtẹ́lẹwọ́ bo páásípọ́ọ̀tù náà kó tó fà á fún un. Ọmọ náà ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Físà Táílándì dà, sà?"

"Mo ní gríìnkáàdì."

"Gríìnkáàdì ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sà. Páásípọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ mú dání ni wọ́n ń wò. Ṣé ẹ ní ti Amẹ́ríkà?"

"Ó ní i!" Olúsànmí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Àwa la jẹ ìrẹsì rẹ̀! Sítísìn, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù búlúù yẹn jáde jàre, ẹ yéé fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré."

Akínwùmí yíjú sí Olúsànmí.

"Mi ò ní i," ló wí. "Mi ò ní i rí."

Susan tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. "Kò burú, Akin," ni Olúsànmí wí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti pè é lórúkọ gbẹ̀yìn. Ì bá bú u, ìyẹn ì bá sàn.

Àpèkẹ́ gbé páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ náà, aláwọ̀ ewé, sórí káńtà, físà rẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Mo mọ̀, Akin. Ọjọ́ ìdìbò mẹ́ta ló ti kọjá lójú mi, o ò lọ dìbò rí. Ìdí tí mo fi wọ ọkọ̀ mẹ́ta wá bá ọ nìyẹn. Mo ní bá a bá jọ jókòó, wàá sọ fún mi."

Akínwùmí kúrò lórí ìlà, ó pe Doyin. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tirẹ̀.

"Dádì! Ṣé ẹ ti wọlé sínú ọkọ̀?"

Ó sọ ọ́ fún un látorí ìrẹsì dé káńtà, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọdún mẹ́fà, Dádì? Mo bi yín léèrè páásípọ́ọ̀tù o."

"O bi mí."

"Ta ló wá máa fà mí?"

"Àǹtí rẹ Àpèkẹ́. Àwọn ló lọ gba físà ní gbangba. Èmi ò yẹ."

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún.

Ó yọ ìlẹ̀kẹ̀ ìyá Doyin, èyí tí òun fẹ́ fi sí ọmọ náà lọ́rùn, jáde nínú àpò, ó kó o lé Àpèkẹ́ lọ́wọ́. Ó bá a gbé báàgì rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti ń dá ẹni tí kò bá rìnrìn-àjò padà.

"Lọ́jọ́ Ìsinmi," ni Àpèkẹ́ wí, "ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ fún ìjọ. Má jẹ́ kó jẹ́ Olúsànmí ni yóò ti Bangkok pè wọ́n sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ wá bá mi yẹn..."

"Má sọ ọ́ níbí. Orúnkún ń dùn mí." Ó sì tiro wọlé lọ.