Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Abẹ àti Ẹnu Ìyá Ìkòkò

Àìsàn tó bá mú ni lórí, a lè fi fìlà bò ó. Èyí tó mú ni lẹ́sẹ̀ ńkọ́, pàápàá tí iṣẹ́ ẹni bá jẹ́ iṣẹ́ ìdúró? Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin tí à ń sọ yìí. Ọ̀gá Abẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Abẹ rẹ̀ kì í gé ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló máa ń gé ni, ẹ̀rín sì ni ẹni tó bá gé máa ń rín jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ní òun ò bá a lọ. Ó ti wú, ó pọ́n bí ata, ó sì ń dán. Aṣọ ìbora lásán ló kàn án, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta pariwo bí ọmọ ọwọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà ní gáòtù ni, ọmọ ìyá làkúrègbé. Ó ní ìdọ̀tí kan tó yẹ kí kíndìnrín máa fọ̀ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù lára rẹ̀, tó wá lọ dì bí iyanrìn wínníwínní sí oríkèé ẹsẹ̀. Ó fún un ní oògùn tí yóò mú ìrora náà rọlẹ̀, ó ní kó jìnnà sí ẹran, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹja inú agolo, kó jáwọ́ nínú bíà àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, kó sì máa mu omi dáadáa. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìyàwó ní kí dókítà fi oúnjẹ lé òun lọ́wọ́, pé iṣẹ́ òun nìyẹn. Kò purọ́. Olórí alásè ni ní ilé oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan. Ìyá Ìkòkò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e délé. Ìkòkò kan wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í kúrò lórí iná, àbúrò ìkòkò náà sì wà nílé. Egungun, ẹsẹ̀ adìẹ, awọ àti ìṣẹ́kù ẹran ni yóò dà sínú omi, yóò jẹ́ kó máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́ títí, lẹ́yìn náà ni yóò sẹ́ ẹ mọ́ tónítóní. Omi yìí ló fi ń se ìrẹsì, òun náà ló fi ń se ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́. Ó ní omi ẹ̀rọ lásán, ti ìwẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ẹran ti ṣí kúrò nínú àwo Ọ̀gá Abẹ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí ó bá jẹ ẹran tán, egungun gan-an máa ń bẹ̀bẹ̀, ó wá di ẹni tó ń wo ẹ̀fọ́ lójú bí ẹni tó ń wo àna tuntun. Ṣùgbọ́n kò ráhùn. Ó bu bíà tó kù nínú fìríìjì dà sí kòtò, ó sì gbé ìgò omi sí ẹ̀gbẹ́ dígí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ náà di oníṣègùn lójijì. Ẹni tó wá gé irùngbọ̀n ní kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná. Ẹni tó wá fá orí kodoro ní atalẹ̀ ni. Awakọ̀ kan búra pé aáyù tútù ló wo àbúrò ìyàwó òun sàn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í, àbúrò náà ti kó kúrò nílé nítorí òórùn. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Abẹ obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, gbé ike oògùn oníhóró kan wá, wọ́n ní inú èso pupa kan ni wọ́n ti fún un. Ọ̀gá Abẹ lo gbogbo rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n bá òun wá ẹni tó mọ oògùn tó ń dá ẹran padà sínú àwo.

Oṣù kan kò tíì pé tí ẹsẹ̀ náà tún fi gbiná. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó rọlẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dé, ó sì mú ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Òun ló ń sè é, òun ló ń bù ú, kò sí ẹyọ ẹran kan nínú rẹ̀. Bí ẹran kò bá wá láti ilé, ibo ló ti ń wá? Ó sì kúkú mọ ibi tó ti lè wá. Ògiri kan péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ àti ti ọkùnrin kan tó ń dín adìẹ, òórùn rẹ̀ sì lè jí ẹni tó ti sùn fọnfọn. Ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan láì sọ tẹ́lẹ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ kùkúńbà. Ta ló wá jókòó lórí àga, tó ń dúró kí wọ́n gẹ irun rẹ̀? Aládìẹ fúnra rẹ̀ ni. Ìyá Ìkòkò kí wọn, ó yíjú padà sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó bi ọkọ rẹ̀, ọkọ ní òun ò jẹ ẹran níbì kankan. Ó tún bi í, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọmọ búra. Ìgbà tí ẹsẹ̀ tún wú, kò bi í mọ́. Ó ń gbọ́ òórùn ẹ̀wù rẹ̀ kó tó fọ̀ ọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àǹtí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àǹtí kò dúró gbọ́ ìdajì. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì bá a wí níṣojú àwọn tó ń dúró de abẹ, pé ṣé ó fẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ pa á ni. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà tó bá wọlé á kọ́kọ́ béèrè bóyá adìẹ ti kọ. Ọ̀gá Abẹ bá wọn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó ń dun Ìyá Ìkòkò gan-an nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dá a sílẹ̀. Ilé tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán níbẹ̀ ti dá wáí. Ọkọ rẹ̀ á jẹun, á ní o ṣé, á wọ yàrá. Ó ti ń jókòó gẹ irun báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó orí ẹni tó ga. Ó ní tí ọdún bá parí, òun á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Arúgbó oníbàárà kan sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìyá Ìkòkò rí i pé bí nǹkan ṣe ń lọ, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun, ọkọ náà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ òun, bí wọ́n tilẹ̀ ń sùn lábẹ́ òrùlé kan. Ó bínú sí i, ó sì ń ṣàárò rẹ̀, méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Ká sọ òótọ́, ẹjọ́ ló fẹ́ lọ rò. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò kò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, dókítà sì ní kí wọ́n lọ rí obìnrin tó ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Ọmọdébìnrin kan tó lè jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn ni. Ó kí wọn dáadáa. Kí ó tó jókòó tán ni Ìyá Ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ó bá òun bi ọkọ òun léèrè ohun tó ń jẹ níta. Ọ̀gá Abẹ ń wo ilẹ̀. Ọmọdébìnrin náà ní òun á bi í, ṣùgbọ́n kí Mọ̀mí kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe se oúnjẹ àná, láti ìgbà tí wọ́n ti dáná.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ní kí alásè sọ bó ṣe sebẹ̀, ó ti fún un lóyè. Ara Ìyá Ìkòkò yá gágá. Ó sọ bó ṣe ṣan ìrẹsì, bó ṣe gé ẹ̀fọ́, bó ṣe bu omi lé e.

"Omi wo nìyẹn, Mọ̀mí?"

"Omi inú ìkòkò ni. Èyí tí mo fi ń se gbogbo nǹkan."

"Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti sẹ́ ẹ. Egungun àti ẹsẹ̀ adìẹ ni mo fi sè é, ẹran wẹ́wẹ́ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ tó bá ṣẹ́ kù, àmọ́ mo máa ń kó gbogbo ẹ̀ dànù ni. Òun ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Omi ẹ̀ nìkan ló máa ń..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ogún ọdún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má da omi egungun nù, nítorí pé inú omi ni gbogbo agbára ẹran ń lọ, pé ẹran tó kù lẹ́yìn rẹ̀, pàǹtí ni. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Òun ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn. Kò kàn wá sí i lọ́kàn rí ni pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹsẹ̀ ọkọ òun, torí pé lójú rẹ̀, omi ni omi, oúnjẹ ni oúnjẹ.

Ọmọdébìnrin náà kò pariwo. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé ohun inú ẹran tó ń di iyanrìn lára, omi ló ń yọ́ sí, pé láràárọ̀ lálẹ́ ni bàbá ti ń mu ún. Ìyá Ìkòkò yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kó bínú, kó sọ pé ṣebí òun ti wí. Ọkùnrin náà kò wò ó rárá. Ọmọdébìnrin náà ló ń wò.

"Ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe èmi?" Ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Torí mo ti gbà á tán. Gbogbo wọn ló sọ ọ́. Mo ti ń rò pé bóyá mo máa ń jẹ ẹ́ kí n tún gbàgbé ni, pé bóyá nǹkan ń ṣe ọpọlọ mi."

Ojú ti Ìyá Ìkòkò débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó ti rò pé ìwà jíjẹ ẹran níkọ̀kọ̀ ló mú kí ọkọ òun dákẹ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á.

Nígbà tí wọ́n délé, ó da omi inú ìkòkò náà nù sẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún, ó mú Àǹtí lọ́wọ́, wọ́n jọ wọlé síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà ibẹ̀, ó sì gbóhùn sókè kí aládìẹ náà lè gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó ní ọkọ òun kò jẹ ẹran kankan. Òun lòun ń fún un ní omi ẹran mu, òun náà lòun sì ń bà á lórúkọ jẹ́. Àwọn ọkùnrin náà ń wo bàtà ara wọn. Àǹtí sunkún. Ọ̀gá Abẹ ń gẹ irun lọ.

Omi ẹ̀rọ ni wọ́n wá ń fi sebẹ̀ nílé wọn. Kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀, Ọ̀gá Abẹ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún ti ń dìde dúró gẹ irun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní àárọ̀ kan, Ìyá Ìkòkò wọ yàrá, ó bá a tó jókòó sí etí ibùsùn, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Ìyàwó ṣí aṣọ náà. Àtàǹpàkò ti wú, ó ti pọ́n.

Ó mọ gbogbo ohun tó wọ inú ìkòkò òun, ó mọ omi tó fi sè é. Kí ló wá kù, bí kì í ṣe adìẹ ẹ̀yìn ògiri? Ìbéèrè náà gòkè wá, ó jókòó sí orí ahọ́n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń wò.

Ìyá Ìkòkò jáde. Ó fi aṣọ ìnura wé yìnyín wá, ó kó oògùn àti ife omi dání, ó jókòó sílẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé itan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"O ò ní bi mí ni?" ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ni kí n bi yín?"

"Ohun tí mo jẹ."

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ jẹ. Èmi ni mo sè é."

Ọ̀gá Abẹ sunkún díẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún un. Lọ́sàn-án ni wọ́n pe ọmọdébìnrin ilé ìwòsàn yẹn lórí fóònù. Ó ní iyanrìn tó ti pẹ́ lára kì í tètè yọ́, pé ó lè bu ni jẹ nígbà tó bá ń lọ, kí wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì padà wá rí dókítà fún oògùn ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ìkòkò jókòó sílẹ̀ láàárọ̀, kò tíì sí ẹni tó sọ ìyẹn fún un. Ó kàn gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ ni.