Ìyá Àmín Lọ Dìbò

Alágbàfọ̀ ni Ìyá Àmín, àbàwọ́n ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó tó kí yín, ojú rẹ̀ á ti rin ọrùn ẹ̀wù yín dé abẹ́ apá. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì ìlọṣọ wà lójú fèrèsé, okùn la àgbàlá ẹ̀yìn já, aṣọ funfun sì ń fì lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Kì í ṣe ariwo ló sọ ọ́ ní Ìyá Àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmín rẹ̀ lè jí ẹni tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì kejì. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré pé, “Àmín kì í ṣe ìparí àdúrà, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ṣe é ti tọwọ́ bọ̀wé.” Nítorí náà, bí wọ́n bá gbàdúrà fún aláìsàn tó sì ṣàmín, ilẹ̀ kì í ṣú kó tó gbé oúnjẹ dé ilé onítọ̀hún. Bí wọ́n bá gbàdúrà fún opó tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ẹ lọ wo ọkọ Ìyá Àmín lórí òrùlé náà lọ́jọ́ kejì, nítorí káfíńtà ni ọkọ rẹ̀ náà.

“Ìwọ lò ń ṣàmín,” káfíńtà a máa ráhùn, “èmi ni mò ń gun àkàbà.”

Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Àmín kì í fọwọ́ kàn: òṣèlú. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, wá sọ pé òun fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, díẹ̀ ló kù kí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ aláṣọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Òṣèlú kẹ̀? Ọmọ tí mo fi omi àdúrà wẹ̀?”

“Màmá, ọ̀rọ̀ omi náà ni. Ẹ̀rọ omi ilé ìgbẹ̀bí ti bàjẹ́ láti èṣí. Obìnrin tó ń rọbí ń gbé korobá omi wọlé bíi pé ó wá fọṣọ. A lọ bá káńsù títí ẹsẹ̀ wa fi wú, wọn ò dá wa lóhùn. Bí a ò bá ní ẹni tiwa níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la ó máa gbé korobá kiri.”

“Màá gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n òṣèlú dọ̀tí, ọmọ mi. Aṣọ àlà kì í bá ẹrẹ̀ ṣeré.”

Agbẹ̀bí wo òkìtì aṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé èyí tó mọ́ ni wọ́n ń gbé wá fún yín láti fọ̀? Ẹ ti ń tọwọ́ bọ ìdọ̀tí kí wọ́n tó bí mi. Ìgbà wo lọ́wọ́ yín dọ̀tí?”

Káfíńtà húkọ́ níbi tó jókòó sí.

“Bàbá Agbẹ̀bí, kí ló há yín lọ́fun?”

“Ekuru pákó ni.”

Ọjọ́ ìdìbò pé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ìdìbò, ẹgbẹ́ aládùúrà tí Ìyá Àmín ń darí wọṣọ funfun, wọ́n kó ara wọn sínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run fún ìlú ní aṣáájú rere. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì títì sì ni wọ́n ti ń dìbò. Gbogbo wọn ló ní káàdì ìdìbò, òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí ara wọn ní báńkì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣílẹ̀kùn títí wọ́n á fi ka ìbò tán. Wọn á wá jáde, wọn á gbọ́ orúkọ ẹni tó wọlé, wọn á mí kanlẹ̀ pé, “Olúwa, kí la ṣe?”

Lọ́jọ́ yìí, ọkàn Ìyá Àmín kò lélẹ̀. Agbẹ̀bí ti kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dìbò. “Ẹ gbàdúrà fún mi” nìkan ló sọ. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Oòrùn ti yí nígbà tó kan Bàbá Aránbàtà, àgbà tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà, láti gbàdúrà.

“Ọba tó ta sánmọ̀ bí aṣọ, tí kò so okùn, tí kò ri òpó! Arínú-róde, Olùmọ̀ràn ọkàn! Ìlú yìí ti sú wa! Rán àwọn èèyàn rẹ jáde lónìí, kí wọ́n lọ yan ẹni rere! Má jẹ́ kí wọ́n jókòó tẹtẹrẹ!”

“Àmííín!”

Ti Ìyá Àmín ló ga jù. Ẹyẹlé méjì fò kúrò lórí àjà. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà, tí kò padé mọ́.

“Bàbá,” ó ní, “ta lẹ ní kí Olúwa rán?”

“Àwọn èèyàn rẹ̀ ni.”

“Níbo ni wọ́n wà?”

Bàbá Aránbàtà la ojú kan. Ó wo àga tiwájú, ó wo tẹ̀yìn. Ó la ojú kejì.

“Ó jọ pé àwa ni o.”

Ẹ̀rín bú sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àmín kò rẹ́rìn-ín, ó ti ń so gèlè rẹ̀ le.

“Mi ò kó àmín mi jẹ rí, mi ò ní torí òṣèlú bẹ̀rẹ̀. Ẹ dìde! Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹ gbọ́ o: mi ò sọ pé kí ẹ dìbò fún ọmọ mi. Àdúrà wa ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí kálukú dìbò síbi tí ọkàn rẹ̀ bá tọ́ka sí níwájú Ọlọ́run.”

Wọ́n sọdá títì bí agbo lékeléke, orin lẹ́nu wọn. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò sáré pàdé wọn.

“Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ kọrin níbí.”

Wọ́n panu mọ́, wọ́n ń kùn ún nímú.

“Kíkùn náà kẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!”

Bí wọ́n ṣe dìbò tán, Bàbá Aránbàtà fà sún mọ́ ọn. “Ìyá Àmín, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ẹni tó ń bá ọmọ ẹ du ipò, ọkọ ọmọ mi ni. Òun ni mo dìbò fún.”

Ìyá Àmín gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí oògùn kíkorò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣàmín, ẹ sì jáde. Ó tó mi, Bàbá.”

Káfíńtà tó ti ń dúró lẹ́nu géètì tọ́ka sí yíǹkì tó wà lórí àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀. “Àbàwọ́n rèé o! Ṣé kí n wá òróǹbó àti iyọ̀?”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àmín tó ṣeé fojú rí nìyẹn.”

Agbẹ̀bí wọlé. Iye ìbò tó fi ta alátakò rẹ̀ yọ kò ju iye èèyàn tó lè jókòó sórí àga gígùn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ìyá rẹ̀ jó láti ṣọ́ọ̀bù dé ẹsẹ̀ okùn, ó sì ń ju aṣọ oníbàárà kan sókè bó ṣe ń jó.

Ní ìpàdé káńsù àkọ́kọ́, lọ́sẹ̀ kan náà, agbẹ̀bí dìde. “Pẹ̀lú àánú Ọlọ́run, kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, omi á máa yọ ní ilé ìgbẹ̀bí.”

“Àmííín!”

Alága fò sókè, awò ojú rẹ̀ já bọ́. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí ará ìlú ń jókòó sí, àwọn aláṣọ funfun ti kún àga. Agbẹ̀bí fọwọ́ bojú, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká. Ó mọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ẹnjiníà káńsù fi máa ṣí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ó bá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, yíǹkì ṣì wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Mo wá nítorí àmín tí mo ṣe lánàá.”

Káfíńtà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, àkàbà ló gbé léjìká.