Ògiri Ní Òun Ò Jẹ́ Iṣẹ́ Mọ́

Mo lá àlá kan, ọ̀sán òní sì ni mo lá a, kì í ṣe òru. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní àlá ọ̀sán kì í ṣẹ. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, ìgbà wo lẹ fẹ́ kí n lá tèmi? Ẹ ń bi mí pé kí ni mò ń wá ní géètì nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Àlá yẹn ló gbé mi dé. Ràímì, sún mọ́bí kó o jókòó. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n jókòó rẹ́rìn-ín.

Kí n tó bọ́ sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ n rán yín létí ohun tí mo gbé sùn. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ rán ẹnì kan lọ sí Ìbàdàn láti lọ kọ́ iṣẹ́ àbójútó ẹ̀rọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n ní onítọ̀hún á máa tú ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́, á wo inú rẹ̀, á sì tún un dè padà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣe irú rẹ̀ sí rédíò bàbá mi. Wọn kò rán mi lọ sí Ìbàdàn. Ẹgba ni wọ́n fi dá mi lọ́lá. Ẹ̀rọ tuntun sì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀rọ tó ń di páálí fúnra rẹ̀, tó sì ń gbé e fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ á wà níbẹ̀. Àwa tí à ń fi orí àti èjìká gbé páálí, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n á sì fi ẹnu ọ̀nà hàn wá.

Gbogbo yín lẹ ní èmi ló yẹ kó lọ. Ó yẹ mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Fọlárìn, ẹnjiníà wa, ni ọ̀rọ̀ náà wà, ó sì ní òun kò ní fi orúkọ mi ránṣẹ́ àfi bí mo bá wá fi ẹnu ara mi sọ fún òun pé mo fẹ́ lọ, kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lónìí. Ẹnu ara mi! Ẹnu tó ti ń bá a yodì láti ọdún tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun ilé-iṣẹ́ wa. Ẹ kò gbàgbé ohun tó sọ lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ tí mo béèrè ìdí tí ẹ̀rọ kan fi ń pariwo. Ó ní, "Ẹni tó sá kúrò ní ìwé kẹrin, kí ló fẹ́ bi ẹ̀rọ?" Ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rántí gbogbo eyín tó hàn, Ràímì, tìẹ tó kán náà wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ògiri yàrá ẹ̀rọ là ń rán síra wa. Fọlárìn á dúró lápá ọ̀hún, á ní, "Ògiri, bá mi sọ fún Sàlísù pé kó kó páálí wọlé." Èmi náà á dúró lápá ibí, màá ní, "Ògiri, bá mi dá a lóhùn pé etí ni mo fi gbọ́, kì í ṣe ìwé kẹrin." Iṣẹ́ ń lọ, àlàáfíà sì wà.

Àfi bí mo ṣe dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án yìí, tí oorun gbé mi, tí ògiri yẹn gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ síta kó tó wọlé, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò yà mí lẹ́nu pé ó wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé fèrèsé wa kéré, ó sì wọlé láì fara họ.

Kí lo sọ, Ràímì? Pé ògiri kì í wọ bàtà? Ìwọ tó o ti ń wọ bàtà láti kékeré, ibo lo rìn dé?

"Ẹ kú oorun, bàbá," ni ògiri wí.

"O ò rí i pé mò ń sùn ni?"

"Ẹ má bínú. Mo wá sọ fún yín pé mi ò jẹ́ iṣẹ́ mọ́. Ẹrù tí ẹ̀yin méjèèjì ń dì rù mí ti pọ̀ jù. Ẹ wo ẹ̀yìn mi bó ṣe là. Èébú tí mo ti gbé kọjá láàárín yín tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Ta ló máa wá máa jẹ́ iṣẹ́ fún wa?"

"Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?"

Mo ní mo lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún irú Fọlárìn. Ògiri mí kanlẹ̀, iyanrìn díẹ̀ dà sórí ibùsùn mi. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa bọ̀, pé àwọn tó ń dáni lẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní ọ́fíìsì wọn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ sinmi létíkun, kí òun lọ wo ibi tí kò sí yàrá méjì.

Ọ́fíìsì náà wà lókè. Ó léfòó lórí òrùlé ilé-iṣẹ́ wa bí ìkòkò òfìfo tó wà lójú omi. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi àgbọn kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ sí Ìlọrin. Mo bi àkàbà tí mò ń gùn pé kí ló dé tí ọ́fíìsì yìí kì í jábọ́.

Àkàbà ní, "Kò sí ohun kan tó wúwo nínú rẹ̀."

Nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé àkàbà kò purọ́. Tábìlì kan, fáànù kan, àti ọ̀gá kan tó wọ kóòtù ló wà níbẹ̀. Kóòtù náà tóbi débi pé òun ló dá ìkíni mi lóhùn.

Ọ̀gá gbójú sókè. "Ìwé mélòó lẹ kà?"

"Mẹ́ta àti ààbọ̀, ọ̀gá."

"Ààbọ̀ ti apá ibo?"

"Ti iwájú ni. Ti ẹ̀yìn ṣì wà lọ́wọ́ tíṣà mi. Pàṣán ló fi gbà á lọ́wọ́ mi, mo sì ń retí pé kó wá dá a padà."

Ọ̀gá náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ fún mi. Bó ṣe pe "ìmọ̀ ìjìnlẹ̀", irùngbọ̀n yọ ní àgbọ̀n rẹ̀. Bó ṣe pe "ìlànà tó péye", ìwo méjì gba àárín irun rẹ̀ jáde. Ìgbà tó máa fi dé orí "ìdàgbàsókè", mẹ̀ẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́, ó ti di òbúkọ, ó sì ń jẹ aṣọ tábìlì. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Mo tilẹ̀ túbọ̀ tẹ́tí ni, nítorí ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi.

"Mẹ̀ẹ́ẹ̀," ó ní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ààrò àti Bẹ́líìtì ń bá ara wọn yodì nísàlẹ̀. Bí mo bá parí ìjà wọn, mo ti di ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ. Bí n kò bá lè parí rẹ̀, kí n padà sídìí páálí títí wọ́n á fi lé mi.

Mo bi í pé ṣé wọn kò ní fi ìṣirò dán mi wò ni. Ó ní òun ti jẹ ìwé ìṣirò láàárọ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn pé kí n jáde sórí àkàbà, àárín ilé-iṣẹ́ ni mo bára mi. Gbogbo ẹ̀rọ ti jókòó yíká lórí ẹní, bí ìgbà tí ẹbí bá fẹ́ parí ìjà tọkọtaya. Ààrò, ìyẹn ààrò ńlá tí wọ́n fi ń yan bisikíìtì, wé gèlè, ó sì kẹ́yìn sí gbogbo wọn. Bẹ́líìtì tó máa ń gbé bisikíìtì gba inú Ààrò kọjá wà lápá kejì, ó ń sáré lójú kan.

"Kí ló dé, ìyá?" Mo bi Ààrò.

"Ẹ bi í! Àràárọ̀ ló ń gba ẹnu mi wọlé. Ṣé ó kí mi rí? Kó ní, 'Ẹ kú ìdáná, ìyá,' ṣé wọ́n ń ra ìyẹn ni? Ọmọ tó ń yáná lára mi!"

Bẹ́líìtì ní, "Bàbá, ẹ gbà mí o. Èmi kì í dúró. Ọjọ́ tí mo bá dúró kí èèyàn, wọ́n á ní mo ti bàjẹ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe ẹni tó ní sípánà."

"Kó kí mi bó ṣe ń lọ!"

"Bí mo bá sáré kí wọn, wọ́n á ní mo rí wọn fín. Bí mo bá dúró kí wọn, wọ́n á tú ìfun mi. Bàbá, èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń parí irú ìjà báyìí nílé wa. Ẹni tó kéré ló ń dọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ̀bi, ì báà jàre. Á ní, "Ẹ má bínú," àgbà á ní ó ti tán, wọ́n á sì gbé oúnjẹ wá. Ohun tó yẹ kí n sọ fún Bẹ́líìtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ààrò wò mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ẹni tó ń gbé ìbínú kiri ló mọ bó ṣe wúwo tó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo ní, "Ìyá, ẹ má gbà. Bó bá kí yín lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má dáhùn. Bó bá tún kí yín, ẹ máa wo òkè. Bó bá ra nǹkan wá, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ lójú rẹ̀."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Ààrò wí. "Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìyí." Ló bá pa iná.

Ẹ̀kọ́ mi wọ̀ wọ́n lára ju bí mo ṣe rò lọ. Nóòtù kẹ́yìn sí bóòtù, àwọn méjèèjì já bọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Súwíìṣì ní òun kò mọ iná kankan rí. Ilẹ̀kùn bá férémù rẹ̀ jà, ó lọ dùbúlẹ̀ síta. Gíríìsì ní òun kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù lọ fi itọ́ ara rẹ̀ para. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún gbójú kúrò lára ti òsì, ó ní ilé ni òun ń lọ. Mo ní kó kí wọn nílé.

Bẹ́líìtì nìkan ni kò dúró. Bisikíìtì tútù tí iná kò kàn ló ń gbé jáde, ó ń dà á sílẹ̀, ó sì ń ga. Ó mù mí dé orúnkún. Òbúkọ ọ̀gá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láti ọ́fíìsì òkè, gbogbo wọn so táì mọ́rùn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Àwọn nìkan ni ìjà náà ṣe láǹfààní, bó ṣe máa ń rí.

Ìgbà náà ni Fọlárìn wọlé tòun ti sípánà lọ́wọ́. Bisikíìtì tútù mù ún dé ìdí. Ó wò mí, mo wò ó. Ó yíjú síbi tí ògiri máa ń wà pé kó rán an sí mi. Kò sí ògiri. A rí títì lọ́ọ̀ọ́kán, a rí màlúù kan tó ń kọjá. Fọlárìn wo màlúù náà bóyá á lè jẹ́ iṣẹ́. Màlúù ní ẹ má bínú, òun ní ibi tí òun ń lọ.

Ààrò kò tiẹ̀ yíjú sí wa. Ó ní, "Bí ẹ̀yin méjèèjì bá bá ara yín sọ̀rọ̀, màá tan iná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ́ tí bàbá kọ́ mi ni mò ń tẹ̀lé."

Ó mù wá dé àyà. Mo ń sọ nínú mi pé Fọlárìn ló ṣẹ̀ mí, òun ni kó kọ́kọ́ lanu. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ń sọ pé òun ni ọ̀gá. Ó mù wá dé ọrùn. Mo ní nínú mi pé kí bisikíìtì máa mù wá lọ, kó bò mí mọ́lẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé ẹni tó kú sínú bisikíìtì yìí kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kan àgbọ̀n wa. Fọlárìn la ẹnu. Inú mi dùn! Mo ti borí! Mo tẹ́tí sílẹ̀ kí n gbọ́ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni súfèé kẹ́tù.

Mo lajú. Òógùn ti bò mí dé ọrùn. Ìyàwó mi, Ìyá Wàsílà, wà nídìí sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kẹ́tù tó gbé kaná ń súfèé. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kẹ́tù ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Kẹ́tù, bá mi sọ fún Bàbá Wàsílà pé ọjọ́ ń lọ o. Bó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n fẹ́ máa jókòó sí, kí wọ́n máa sùn lọ. Èmi ò bá olóríkunkun sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo dúró kí kẹ́tù jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi. Ó ń hó.

"Kẹ́tù, bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbọ́."

Ó ti wà lẹ́nu mi láti ní kí kẹ́tù sọ fún un pé etí mi kò di. Mo wo kẹ́tù. Èéfín ti bò ó lára, ìdérí rẹ̀ ń gbọ̀n, ó jọ ẹni tó ti rẹ̀. Mo ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí ibùsùn. Méjèèjì jọ kanlẹ̀ pọ̀.

"Ìyá Wàsílà," mo ní, "Fọlárìn ni mò ń lọ bá. Màá sọ fún un pé mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́."

Ó gbé kẹ́tù kúrò lórí iná. Ó wá yíjú sí mi, ó wò mí dáadáa.

"Ẹ yáa fọ ẹnu náà kẹ́ ẹ tó lọ," ló wí.