Ogun Kànga ní Ẹ̀gbẹ́dá

Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ràn ogun tó Festus Akínlẹ́yẹ ní gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó ń sá fún ìjà tó o. Bí kọ̀ndọ́ ọkọ̀ bá bú u, òun náà ni yóò tún tọrọ àforíjì. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé ìwé girama kan lọ́nà Ìdímù, yàrá kan àti pálọ̀ ló sì gbà nínú ilé Bàbá Ṣóbọ̀wálé. Ogun tó fẹ́ràn ni ogun orí tábìlì: èyí tí èèyàn yóò fi jókòó pẹ̀sẹ̀, tí yóò máa kó ọmọ ogun sọdá odò, tí yóò bá ọba kan mulẹ̀, tí yóò sì dalẹ̀ rẹ̀ kí tíì tó tutù, tí ẹ̀jẹ̀ kankan kò ní ta sí i láṣọ.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá kiri láti ìgbà tó ti di tíṣà. Ayò dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àdéhùn nínú ayò, kò sí ọba tí a ó tàn jẹ. Dírááfù, ariwo ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọgbọ́n lọ. Ní ti lúdò, òmùgọ̀ tí dáìsì bá ti fẹ́ràn ló ń borí gbogbo èèyàn, Festus sì ní ìyẹn ti jọ bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba lórílẹ̀-èdè yìí jù, kì í ṣe eré mọ́. Wọ́n sọ fún un pé irú ogun tó ń wá wà nínú kọ̀ǹpútà. Ilé ìwé wọn ní kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀bùn àwọn tó ti jáde níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé ti fi aṣọ funfun bò ó bí òkú, ó gbé òdòdó oníke lé e lórí, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn án kó má baà bàjẹ́.

Lọ́dún 1988, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé fún un ní àpótí eré kan. Máàpù ilẹ̀ Yúróòpù wà nínú rẹ̀, àti páálí kéékèèké tó dúró fún ọmọ ogun, àti ìwé òfin tó nípọn bí ìwé orin ìjọ. Inú Festus dùn débi pé kò lè jẹun. Ó pe àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì jókòó: Zacchaeus, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, àti Báyọ̀, àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó ka òfin fún wọn títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ní bí yìnyín bá bọ́ ní Rọ́ṣíà, ogun kò ní lè rìn mọ́.

"Yìnyín wo?" ni Zacchaeus béèrè. "Èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣà jẹ nígbà òjò yẹn? Òun ló dá sójà dúró? Tíṣà, ẹ gbé e kúrò níbí jàre."

Bí ogun Yúróòpù ṣe parí nìyẹn. Festus kò sọ̀rètí nù. Ó ra pákó síìlìn kan lọ́wọ́ káfíńtà, ó sì ya agbègbè Alímọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń gbé sí i: Ìkọtún, Ìgándò, Akọ̀wọ́njọ àti Ẹ̀gbẹ́dá di ìlú ọba mẹ́rin, ìdérí ìgò di ọmọ ogun. Dípò yìnyín, ó fi kànga kọ̀ọ̀kan sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ogun tí kò bá débi kànga títí eré fi yí po lẹ́ẹ̀mejì, òùngbẹ ti tú u ká nìyẹn. Zacchaeus wò ó, ó ní, "Ẹn-ẹn! Ìyẹn ni mo mọ̀."

Kò sí ayálégbé ilé yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Kànga ń bẹ ní àgbàlá wọn, omi inú rẹ̀ sì mọ́ lóló, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi dé e, àgádágodo wà lára irin náà, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sì ń bẹ lọ́rùn Bàbá Ṣóbọ̀wálé. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá. Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń dé ló ṣe ń ṣí kànga: ní àárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò bá sì bá a, kó dúró de òmíràn. Kò sí ẹni tó ń rí omi níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìyàwó Festus, Agnes, ti bímọ ní tirẹ̀, Adébùnmi lorúkọ ọmọ náà, ó sì wà nílé lẹ́nu ìsinmi ìbímọ tí wọ́n fún un ní sẹkitéríà Ìkẹjà. Ìlédìí kì í dúró de ìrọ̀lẹ́. Nínú oòrùn ọ̀sán ni Agnes ń pọnmọ, tí yóò ru garawa, tí yóò lọ pọnmi wá láti Akọ̀wọ́njọ. Lọ́jọ́ kan ó sọ garawa kalẹ̀, ó ní:

"Bàbá Bùnmi, ó ti sú mi. Ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa ṣí kànga lọ́sàn-án. Bí oṣù yìí bá parí tí wọn ò bá ṣí i, èmi àti ọmọ mi ń lọ sọ́dọ̀ màmá mi l'Ádó nìyẹn. Mi ò bínú o. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Festus fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ọkùnrin mìíràn ì bá sọdá sí ẹnu ọ̀nà Bàbá, kó kan ilẹ̀kùn. Festus kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láìfi ọgbọ́n ogun ṣe é. Ó gbèrò pé òun yóò pe Bàbá wá síbi eré, òun yóò jẹ́ kó borí, bí inú rẹ̀ bá ti dùn dáadáa, òun yóò wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ kànga.

Bàbá wá lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó, ó ní Ẹ̀gbẹ́dá ni tòun. Ta ni yóò bá a dù ú? Ohun tí Festus kò rò ni pé àwọn yòókù náà ní ẹ̀bẹ̀ tiwọn. Zacchaeus fẹ́ ri òpó ẹ̀ríà tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ mọ́ òrùlé, Bàbá kò gbà. Báyọ̀ fẹ́ kí wọ́n yé ti géètì mọ́ àlejò rẹ̀ obìnrin. Nítorí náà, bí Bàbá bá ní, "Mo ń bọ̀ n'Íkọtún o," Báyọ̀ á ti kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò lọ́nà, á ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn." Zacchaeus tilẹ̀ fi kànga Akọ̀wọ́njọ ta Bàbá lọ́rẹ, ó sì tún dúpẹ́ pé ó gbà á.

Ó dun Festus wọ egungun. Eré tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá, ojú rẹ̀ ló ṣe di ìkíni kú ìjókòó. Síbẹ̀ ó rọ́jú. Nígbà tí Bàbá gba gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tán, ó fọwọ́ ra ọwọ́, ó ní, "Bàbá, ní ti ọ̀rọ̀ kànga yẹn, sà..."

"Kànga wo?" ni Bàbá wí. "Ṣé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo ti gbà ni?"

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí ó fi ku Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Wọ́n ti gbálẹ̀ gbálẹ̀ fún ìmọ́tótó àyíká tán, wọ́n wẹ̀, wọ́n jókòó ti síìlìn. Bàbá kò tíì kó ọmọ ogun kankan tó fi yán.

"Tíṣà, eré yín yìí ò dùn ṣá. Àfi bí ìgbà tí mò ń bá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn jà. Bí a bá ti parí tòní, mi ò wá mọ́."

Ilẹ̀ là mọ́ Festus lẹ́sẹ̀. Bí Bàbá bá lọ, ọ̀rọ̀ kànga lọ nìyẹn, ìyàwó òun náà sì lọ. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ni Agnes ti Akọ̀wọ́njọ dé, omi ti dà sí i lára, garawa kò kún dé ìdajì mọ́. Ó sọ ẹrù, ó tú ọmọ, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ dìde, Bàbá Bùnmi. Ẹ bá mi gbé ọmọ."

Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó di ọba Ìgándò. Gbogbo Sátidé ló ti ń gbọ́ eré yìí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí òfin tí kò mọ̀. Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kó gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ jáde ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó dorí kọ Ìkọtún, kò fi ẹnìkan sílé, nítorí kò sí ẹni tó ń gbógun tì í rí. Agnes kúnlẹ̀ wọ̀ọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," ló wí, ó sì gbé ìdérí ìgò kan lé orí kànga Ẹ̀gbẹ́dá.

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bùnmi, o ò mọ̀ pé ilé mi nìyẹn ni?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má bínú, sà." Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi kó àwọn ọmọ ogun yòókù wọ ìlú.

Festus ń ṣẹ́jú sí i lọ́tùn-ún lósì, kò wojú rẹ̀. Bàbá yí sí kànga Ìkọtún, ó ní kí Báyọ̀ kúrò lọ́nà. Báyọ̀ wo Bàbá, ó wo Agnes, ó wo garawa tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò kúrò."

Zacchaeus fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá gba Akọ̀wọ́njọ lọ, Zacchaeus náà ti jókòó pa sórí kànga tirẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Eré yí po, ó tún yí po. Agnes na ọwọ́, ó gbá ọmọ ogun Bàbá jọ sínú àtẹ́lẹwọ́.

"Òùngbẹ ti tú wọn ká, sà."

"Lọ́sàn-án gangan?"

"Ọ̀sán ni òùngbẹ máa ń gbẹ èèyàn, sà."

Bàbá dìde, ó jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni Zacchaeus ti ń bi Báyọ̀ bóyá ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wá yàrá ní Ìgándò. Festus gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń rí ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lójú títì. Agnes ní tirẹ̀ ti gbé abọ́ ìlédìí, ó ń da omi díẹ̀ sí i.

Bàbá tún wọlé. Awò ojú rẹ̀ ló lọ mú.

"Ẹ tún un tò," ló wí. Láti ìgbà tó ti ń wá síbẹ̀, ẹ̀rín kò hàn lójú rẹ̀ báyìí rí. "Ìyá Bùnmi, jókòó. Ìyà yìí á kúrò lára mi lónìí dandan."

"Ẹ má bínú sà, mi ò ráyè. Ìlédìí wà nílẹ̀, omi yìí ò sì ní tó. Mo ní láti padà s'Ákọ̀wọ́njọ."

Bàbá wo síìlìn, ó wo garawa. Ó ti ọwọ́ bọ ọrùn, ó yọ okùn kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sí Festus.

"Tíṣà, lọ pọnmi. Jẹ́ kí ìyàwó ẹ jókòó."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń ṣí kànga lọ́sàn-án, ogun sì ń gbóná ní pálọ̀ Festus ní gbogbo Sátidé. Òpó Zacchaeus ti wà lórí òrùlé. Inú àdéhùn àlàáfíà tó bá Bàbá ṣe nínú eré ló ti gbà á. Bàbá ń pe Agnes ní ọ̀dàlẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún níyàwó. Ìlú mẹ́rin ló wà lórí síìlìn, èèyàn mẹ́rin ló sì ti jókòó.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Festus dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà," tí Bàbá sì ké bí ẹni tí agbọ́n ta. Ó sún mọ́ fèrèsé.

"Agnes, ṣé mo lè bá yín gba Ìgándò díẹ̀?"

Kò gbójú sókè. "Bàbá Bùnmi, garawa kejì ńkọ́?"