Iná Iwájú Apá Òsì

Iná mọ́tò náà kọ̀, kò wọlé. Zamfira tì í, ó tún tì í, àmọ́ àlàfo tín-ín-rín kan ṣì ń fi í ṣẹ̀sín láàrin iná àti irin.

"Méjìdínlọ́gọ́ta," ni Injiníà Răzvan kà lójú aago. "Màmá, ẹ tún ti pẹ́."

"Mo gbọ́. Etí mi ò tíì fẹ̀yìntì."

Láti ọdún mẹ́rin tí ilé-iṣẹ́ yìí ti ń ṣe mọ́tò kékeré náà, Zamfira ló ń de iná apá òsì rẹ̀. Ní báyìí ọjà ti ń tutù, àwọn ọ̀gá wá ní kí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe: iná tuntun, imú tuntun, bọ́ḿpà tuntun. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ gan-an yóò bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ẹni tí kò bá lè de tirẹ̀ láàrin àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ilé ìkẹ́rù ló ń lọ, níbi tí òtútù ti ń wọ egungun. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré fún un.

Wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n jẹun. Zamfira ò lè jókòó. Nelu tí ń de bọ́ḿpà na búrẹ́dì tí wọ́n fi zacuscă, ata àti ìgbá tí wọ́n sè pọ̀ tó ki, pa sí i.

"Jẹun, jàre. Ojú mọ́tò ni wọ́n lè tún ṣe, wọn ò lè tún tìẹ ṣe."

"Tìẹ ńkọ́? Bọ́ḿpà méjì ò lè bo imú ẹ."

Zamfira padà sídìí mọ́tò, ó ki ọwọ́ bọ ihò iná. Irin kékeré tó yọ gọngọ ní igun, tó ti ń ha á ní àtàǹpàkò láti ọdún mẹ́rin, ó ṣì wà ńbẹ̀. Ojú nìkan ni wọ́n pààrọ̀! Nígbà iná àtijọ́, ìgbájú kan ló fi ń borí irin yìí. Kò sí nínú ìwé ìlànà. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń gbá iná, ìwé ìbáwí ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń ká ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

"Injiníà, ẹ má wo aago nìkan. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Ó ti iná náà, ó sì fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ fọ́ ọ létí: pàá! Àlàfo náà parẹ́.

"Mẹ́rìnlélógójì." Răzvan ya ẹnu. "Kí lẹ ṣe yẹn? Kò sí nínú ìwé."

"Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí kò ti sí nínú ìwé. Ẹ lọ sídìí mọ́tò kejì, ẹ fọwọ́ kan igun yẹn."

Ó lọ. Ó fa ọwọ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ yọ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó fa kálàmù yọ. Zamfira retí ìbáwí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá ti èyí náà, kí n rí ibi tí ọwọ́ yín ń bà. A máa ní kí wọ́n fá irin yẹn."

Bí wọ́n bá fá a, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni yóò lè máa ti iná yẹn wọlé, wọn ò ní nílò ọwọ́ tirẹ̀ mọ́. Zamfira wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le bí awọ. Ó gbé e sókè, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí iná náà, kí ọmọ injiníà náà lè rí i dáadáa.