Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Tó Ṣi Ọkọ̀ Pè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń di ọmọdé, kó dé páálọ̀ Ẹ̀gbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ sáré ìje lórí tẹlifíṣàn. Àwọn mẹ́ta péré ni, àmọ́ ariwo wọn tó ti ọjà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ló ni àga tó sún mọ́ tẹlifíṣàn jù. Àbúrò rẹ̀, tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ríwáyà, á jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀. Ẹnì kẹta ni Onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tó fi ń fárí lọ. Kò sí èyí tó ti fojú kan pápá ìje rí nínú wọn. Kò sì sí èyí tí àwọn aláṣẹ eré náà mọ̀ pé ó wà láyé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń jiyàn, ẹ ó rò pé àwọn gan-an ni wọ́n ń ṣòfin.

Lọ́dún náà, ìjà méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ti ń sọ bí eré ṣe ń lọ láti ìgbà tí irun orí Ẹ̀gbọ́n ṣì dúdú. Bàbá yẹn kì í ṣẹ̀fẹ̀, kì í sinmi: ọkọ̀ pupa ti wọ kọ́nà, ọkọ̀ búlúù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, táyà òsì rẹ̀ ti ń jẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rín ni tiwọn. Wọ́n á máa sọ ohun tí awakọ̀ kan jẹ láàárọ̀ àti ẹni tí òmíràn ń fẹ́.

"Ẹ gbọ́ wọn," Ẹ̀gbọ́n á ní. "Ọkọ̀ ń sáré, àwọn ń ṣòfófó. Ta ló wà níwájú? Wọn ò sọ. Ta ló ń lé e bọ̀? Wọn ò sọ!"

"Ẹ̀gbọ́n, tẹlifíṣàn nìyí o, kì í ṣe rédíò," Onígbàjámọ̀ á dá a lóhùn. "Ohun tójú yín ń rí, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n máa rò fún yín? Àlàyé ni tàwọn wọ̀nyí. Àbí ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe tú ọ̀rọ̀ táyà palẹ̀ lọ́jọ́sí?"

"Àlàyé kọ́, àlàyé ni. Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí Ẹ̀gbọ́n nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ríwáyà kíyè sí i, àmọ́ ó kà á sí pé ara àgbà ló ń dé.

Ìjà kejì, Ríwáyà ló ni ín. Nínú ìje kan, irin kan tú lára ọkọ̀ gbajúmọ̀ awakọ̀ kan, ó ń fì dirodiro. Gbogbo ayé ń wò ó. Àwọn adájọ́ eré náà ń wò ó, àmọ́ nítorí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, wọn ò gbé àsíá dúdú tí wọ́n fi ń lé ọkọ̀ eléwu kúrò lójú ọ̀nà sókè. Irin náà já, ó fa táyà ẹlòmíràn ya, Ọlọ́run ló yọ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tí wọ́n ti gbé ife fún gbajúmọ̀ tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ń ṣèpàdé.

"Ojú èèyàn ni wọ́n ń wò," Ríwáyà á ní, á máa gbá tábìlì. "Ohun tó ń ba eré yìí jẹ́ nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ti léwu, kó bọ́ síta! Ì báà jẹ́ ọmọ ìyá adájọ́ ló ń wà á."

Ẹ̀gbọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo máa ṣe adájọ́? Ìwọ tó sunkún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí ajá wa kú?"

"Ẹ ṣáà gbé àsíá yẹn lé mi lọ́wọ́ ná."

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ríwáyà ń sọ tirẹ̀ tagbára-tagbára.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, oníbàárà kan ti pe Onígbàjámọ̀ sísàlẹ̀, ó ku ọmọ ìyá méjì nínú páálọ̀. Awakọ̀ kan wà tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọmọ Kékeré. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ló ń wà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà, Bàbá Onísùúrù, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ni tiẹ̀ náà. Akoto orí wọn nìkan lèèyàn fi ń dá wọn mọ̀: ti Ọmọ Kékeré pupa, ti Bàbá Onísùúrù funfun. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan yọ̀ ní kọ́nà, ó lọ forí sọ ògiri, èéfín rú. Ọ̀kan nínú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà figbe bọnu pé Ọmọ Kékeré ló lọ yẹn, ìje rẹ̀ ti parí.

Irọ́ ni. Akoto funfun ló jáde nínú èéfín, wọ́n sì ti gbé kámẹ́rà padà sórí Ọmọ Kékeré tó ṣì wà níwájú, akoto pupa rẹ̀ gba gbogbo ojú tẹlifíṣàn.

Ẹ̀gbọ́n káwọ́ lérí. "Wọ́n ti pa ọmọ yìí láyò! Ọdún yìí ni ìbá gba ife! Ọmọ Kékeré, o ṣe mí léṣe o!"

Ríwáyà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó wá wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà kọjú sí tẹlifíṣàn tààrà, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ni akoto ẹni tí wọ́n ń fi hàn yìí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Funfun," Ẹ̀gbọ́n ní, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gbé ife omi jáde láti kíṣìnnì. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ yí ife náà ká kó tó fi í sílẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí Ríwáyà tó ń wò ó.

"Ọkọ mi," ó ní fún àbúrò ọkọ rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́." Ó padà sí kíṣìnnì.

Ibẹ̀ ni Ríwáyà ti rántí bọ́ọ̀sì. Láti bí oṣù mélòó kan ni Ẹ̀gbọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀sì ilé ìwé wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé iná iwájú kò tàn dáadáa ní ìdájí. Ó ti pààrọ̀ gílóòbù, ó ti tú wáyà palẹ̀, ó ti ra bátìrì tuntun. Nígbà tí kò yé e mọ́, ó tún fi gílóòbù tó lágbára jù sí i, àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ níwájú wá ń bú Ẹ̀gbọ́n pé ó fẹ́ fọ́ àwọn lójú. Iná ọkọ̀ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tó ti ń ṣe nìyẹn, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn lójoojúmọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà rí àṣìṣe rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má bínú. Onígbàjámọ̀ wọlé, ó ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Mo kúkú mọ̀," Ẹ̀gbọ́n ní, ó ń fipá rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi ni mo ń fi ṣeré." Onígbàjámọ̀ gbà á gbọ́. Ó ní bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá tiẹ̀ ṣìnà, ojú kò ṣáà ní parọ́ fúnni.

Nígbà tí eré parí tí Onígbàjámọ̀ lọ, Ríwáyà pa tẹlifíṣàn.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ò díbọ́n mọ́. "Ó ti ṣe díẹ̀. Ohun tí mo bá tẹjú mọ́ gan-an ni mi ò rí, á dà bíi pé èéfín bò ó. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi ń rí nǹkan. Dókítà ní kò ní padà sí bó ṣe wà."

"Ẹ sì ń gbé ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọ̀nà yẹn, mo lè wà á lójú oorun. Mo sì ń rọra lọ."

"Tí ọmọ kan bá já wọ títì ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìfẹ̀yìntì mi ò jìnnà mọ́. Jẹ́ kí n parí rẹ̀ bí ọkùnrin. Tí mi ò bá wakọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè mí? Ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọ̀gá ilé ìwé láàárọ̀ ọ̀la. Màá tẹ̀lé yín."

"Tí mi ò bá lọ?"

"Èmi á lọ."

"Ìwọ." Ẹ̀gbọ́n dìde. "Ìgbà tí bàbá wa kú, ọwọ́ mélòó ló tọ́ ẹ? Mo wakọ̀ lọ́sàn-án, mo wakọ̀ lóru, kí o lè dé ẹnu iṣẹ́ tó ò ń ṣe jẹun yìí. Mi ò jẹ́ kí o mọ̀ pé o ò ní bàbá. Ohun tó o fẹ́ fi san án fún mi nìyí?"

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tó sọ, ìyẹn ló dun Ríwáyà dé eegun. Ìbá ṣe pé ìkà ni ọkùnrin náà, ìbá rọrùn. Ó sunkún níbẹ̀, kò fi pamọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n nìkan lọ."

"Jáde nílé mi."

Ní òwúrọ̀, Ríwáyà ò wọ aṣọ iṣẹ́ olóòógùn rẹ̀. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì ti wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé kí bọ́ọ̀sì tó jáde. Ó ṣì ń retí pé Ẹ̀gbọ́n á wọlé, á ní òun fúnra òun wá sọ ọ́. Láti ojú fèrèsé ló ti rí i. Ẹ̀gbọ́n dé nínú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó yí bọ́ọ̀sì náà po, ó fẹsẹ̀ gbá táyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń nu gíláàsì iwájú. Ríwáyà wá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá náà.

Ọ̀gá ilé ìwé kì í ṣe obìnrin líle. Ó pe Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó kí i, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun wo aago ara ògiri, aago mélòó ló lù. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri. Ó dúró títí. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì láìjẹ́ pé wọ́n béèrè rẹ̀.

"Àbúrò yín ṣe é nítorí ìfẹ́ ni, sà," obìnrin náà ní.

"Mi ò ní àbúrò," Ẹ̀gbọ́n ní, ó sì jáde.

Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu géètì ń pariwo, "Dádì Bọ́ọ̀sì! Dádì Bọ́ọ̀sì!" Ó juwọ́ sí apá ibi tí ohùn wọn ti ń wá. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ríwáyà ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Nígbà tó dé etí títì ńlá, Ẹ̀gbọ́n dúró. Ọkọ̀ ń já wá lọ́tùn-ún lósì, oòrùn òwúrọ̀ sì kọjú sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ́nà, fèrè ọkọ̀ ké mọ́ ọn, ó yáa gbé e padà. Ó tún gbìyànjú, ó tún padà. Ọkùnrin tó ti wakọ̀ láti kékeré ò lè sọdá títì.

Ríwáyà ò lè wò ó mọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó dì í lápá mú, wọ́n jọ sọdá. Wọ́n dé òdì kejì láìsí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i, ó ń wo ojú rẹ̀ gan-an, kò sì rí i.

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá mi," ó ní, ó di ọwọ́ náà mú gírígírí. "Ẹ mà ṣèèyàn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ará ilé yín dà yín."

Ríwáyà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe àmín, Ẹ̀gbọ́n á mọ ohùn òun. Ẹ̀gbọ́n dúró díẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà ilé lọ.