Wáyà Tí Mo Fà Yọ

Èmi Motọ́lání, mo máa ń fura. Bí ẹnìkan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, mo máa bi ara mi pé kí ló ń wá. Nítorí náà, nígbà tí tẹlifóònù ọ́fíìsì wa ní Yaba bẹ̀rẹ̀ sí í dá pe ènìyàn fúnra rẹ̀ lọ́dún 1997, ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ọkàn mi balẹ̀.

Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí, Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà, àti èmi tí mo ń kọ ètò tí ilé ìwòsàn kan ní Surulere máa fi tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn wọn. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti wà lórí ètò náà. Ọ̀gá sọ pé bí mo bá gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, mo di òṣìṣẹ́ gidi nìyẹn. Bí n kò bá gbé e kalẹ̀, kí n máa wá iṣẹ́ míì.

Bí mo bá ti tún nǹkan ṣe nínú ètò náà, kọ̀ǹpútà á bi mí pé kí ni mo yí padà. N ó kọ ìdí rẹ̀ ní ìlà kan, á sì tọ́jú ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí mo bá kọ ọ́ tán tí módẹ́mù, ẹ̀rọ kékeré tó so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, á fi tan iná, á han bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, á sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ẹ̀rọ yìí ń pè?" mo bi Ọláìtán.

"Fi sílẹ̀, jàre. Face iṣẹ́ ẹ," ló dá mi lóhùn, kò sì wo ojú mi.

Tí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nígbà tó jáde lọ jẹun, mo yọ́ wo inú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ kan wà níbẹ̀ tó ń kó gbogbo ohun tí mo bá yí padà, tó ń fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀. Mo pe nọ́ńbà náà. Igbe ẹ̀rọ ló kí mi létí. Oṣù mẹ́jọ! Ó ń jí iṣẹ́ mi tà!

N kò ní ẹ̀rí tí mo lè gbé lọ bá ọ̀gá, n kò sì lè bú ẹni tó jù mí lọ lójú rẹ̀. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Níbi tó yẹ kí n máa kọ ìdí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èébú, kí ẹni tó ń gba ẹrù olè lè kà á. "Mo tún ojú ìwé ọjọ́ orí ṣe. Olè!" "Mo fi orúkọ dókítà kún un. Ọláìtán, o ò ní jẹ ẹ́ gbé." Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é, ó sì dùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo kọ ọ́ pé: "Lónìí ni n ó fa wáyà rẹ yọ." Mo dúró kí módẹ́mù han tán, mo fa wáyà náà yọ, mo sì fi páálí bò ó.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí n gbé ètò náà kalẹ̀, iná dé lójijì, ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan bú gbàù nínú kọ̀ǹpútà mi, èéfín yọ. Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Ohun gbogbo ti lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún.

"Dìde. Jẹ́ ká lọ sí Ìpọ̀nrí," ló wí.

Yàrá ìyá rẹ̀ ló mú mi lọ. Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wáyà tẹlifóònù sì wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó wà ní ipò mi tẹ́lẹ̀ bínú lọ, ó sì pa gbogbo iṣẹ́ rẹ́ kó tó lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ti ní kí ẹ̀dà kejì máa dá lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tuntun kankan má sì mọ̀.

Ó tan ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ mi tò wálẹ̀ láti oṣù kìíní, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ìdí. Mo rí "Olè!" àkọ́kọ́. Mo na ọwọ́ láti pa á rẹ́.

"Kì í parẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n Ọláìtán wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. "Ẹ ti kà á tẹ́lẹ̀?"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń kà á. Mo ní láti mọ̀ bóyá ó dé pé. Èyí tó o kọ ní ọjọ́ Ajé, mo rò pé ẹnu lásán ni. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan lánàá, mo ní bóyá o ò tíì yí nǹkan padà."

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó gbé omi dání. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé Motọ́lání tó máa ń kí mi nínú ẹ̀rọ rè é? Bí mo bá ti bi Ọláìtán ohun tó o kọ, á ní o ní kí òun kí mi. Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gba omi náà.

Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé ló dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́rú ti jóná nítorí ọwọ́ mi. Ní Ọjọ́bọ̀, láti àárọ̀, mo jókòó sí yàrá ìyá náà, mo ń tún un kọ láti inú orí mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó parí. Kọ̀ǹpútà bi mí pé kí ni mo yí padà.

Mo kọ ọ́ pé: "Mo tún ibi tó ń tẹ ìwé jáde ṣe. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."